Àwọ̀ Wo Ló Bá Yín Mu? Ẹ Má Tíì Kó Aṣọ Dànù

Fídíò kan náà ni gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọmọbìnrin kan jókòó síwájú dígí ní Seoul, ní Gúúsù Kòríà. Wọ́n fi aṣọ funfun wé irun rẹ̀ pa mọ́, wọ́n wá ń gbé oríṣiríṣi aṣọ lé e léjìká, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n lè mọ àwọ̀ tó bá a mu. Nígbà tó yá, wọ́n ní “ìgbà ìwọ́wé” ni, ọ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin ilẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fi ń pín èèyàn sí àwọ̀ tó bá a mu. Ọmọ náà pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ní Ìlọrin níbí, àwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ìyàwó ti ń bá a bọ̀, ìgbìmọ̀ aṣọ ẹbí kan tí mo mọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká nítorí ẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí ẹ bi mí rèé.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń wá?

Wọ́n ń wá aṣọ tó ń mú ojú èèyàn mọ́ gedegbe, kí wọ́n lè yà á kúrò lára èyí tó ń sọ ọ́ di ẹni tó gba ààwẹ̀ láìjẹ sààrì. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bóyá awọ ara yín fà sí ohun tó gbóná (góòlù, epo pupa) tàbí ohun tó tutù (aró, èsè àlùkò), bó ṣe dúdú tàbí bó ṣe pupa tó, àti bóyá irun, ẹyinjú àti awọ yàtọ̀ síra wọn gan-an tàbí wọ́n jọra.

Ṣé ó jọ kí àlùfáà woni ní ìràwọ̀?

Rárá. Wọn kì í béèrè orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Johannes Itten, ayàwòrán ará Switzerland tó ṣe olùkọ́ ní Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Weimar, Jámánì, láti 1919 sí 1923, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ó ṣàkíyèsí pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ yan àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn, àwọn àwọ̀ tó jọ irun àti awọ ara tiwọn gan-an ni wọ́n ń yàn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ ojú èèyàn kọ́ ló gbé e wá. Michel Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì, ni wọ́n fi ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń rẹ òwú láró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris. Làwọn èèyàn bá ń gbé ẹjọ́ wá: òwú dúdú yín kò dúdú tó. Ó yẹ aró wò, aró dára. Ó fi òwú náà wé ti ibòmíràn, tiwọn kò ju tirẹ̀ lọ. Àṣé òwú bulu àti èsè àlùkò tí wọ́n hun tì í ló ń pa dídúdú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1839. Bí ẹ bá gbé ìròyìn yìí lọ bá ahunṣọ ní Ìlọrin, á bi yín pé ìyẹn ni ẹ̀yin wá sọ fún òun. Fọ́nrán òwú funfun tín-ín-rín inú ẹtù, òun ló ń mú kí aró ẹtù ki lójú wa. Àwọ̀ kì í dá gbé, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń gbé e ga tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ojú èèyàn rèé, ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà ló wà. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Seoul yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa tí a kò ní ìgbà ìwọ́wé ńkọ́?

Ìgbà mẹ́rin ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi pín èèyàn: ìrúwé, ooru, ìwọ́wé, òtútù. Àwọn kan ti pín in sí 12, àwọn míì 16. Àwa mọ òjò, a mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ sì máa ń bẹ̀ wá wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Ìwé tí Carole Jackson tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1980 ló jẹ́ kí ìgbà mẹ́rin yìí gbajúmọ̀, ó sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ àwa aláwọ̀ dúdú sínú ìgbà òtútù. Ẹ fojú inú wo ọjà Ìpátá nígbà tó kún fọ́fọ́, kí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní: “Òtútù ni gbogbo yín.” Èdè wa ti ya èèyàn sọ́tọ̀ tipẹ́: adúmáadán, dúdú bí kóró iṣin, àpọ́nbéporẹ́. Àmọ́ nínú gbogbo wọn, àpọ́nbéporẹ́ nìkan ló sọ ohun tó wà lábẹ́ awọ, epo. Adúmáadán méjì lè jókòó tira wọn, kí awọ ọ̀kan fà sí pupa bí obì, kí ti èkejì fà sí aró. Ẹ gbé lésì aláwọ̀ ọsàn kan náà wọ̀ wọ́n, á dùn ún wò lára ọ̀kan, á sọ èkejì di olókùnrùn. Ẹni tó bá ní ìgbà kan náà ni àwọn méjèèjì, owó yín ló ń wò.

Kí n lè mọ̀ bóyá awọ mi fà sí ohun tó gbóná tàbí ohun tó tutù, wọ́n ní kí n wo iṣan ọwọ́ mi, bóyá bulu ni tàbí àwọ̀ ewé.

Awọ dúdú ń bo iṣan mọ́lẹ̀. Ẹ lè máa wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ṣé mo lè ṣe é nílé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Ọ̀ffà ló ṣe é fún mi. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo bọ́jú, n kò kun nǹkan kan, mo wé irun pa mọ́, mo jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí oòrùn má baà ta sí mi lójú. Ó kọ́kọ́ gbé aṣọ funfun bàláú sí mi lọ́rùn, lẹ́yìn náà ó gbé èyí tó pọ́n díẹ̀ bíi mílíìkì. Funfun bàláú gbà. Ó gbé ẹtù lé e, gbogbo ojú mi mọ́. Ó wá gbé sányán, aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn tí mo ti fowó pamọ́ fún. Ó wò mí títí. Ó ní, “Ibà ti fi ẹ́ sílẹ̀ àbí kò tíì fi ẹ́ sílẹ̀?” Mo wo dígí. Abẹ́ ojú mi ti ṣú, ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi náà ti ṣú. N kò tíì dárí jì í.

Ẹ má ṣe é lábẹ́ gílóòbù. Ẹ má sì ṣe é lẹ́bàá ògiri tí wọ́n kùn ní pupa, torí ògiri náà ń tan àwọ̀ sí yín lójú.

Fóònù mi lè ṣe é fún mi.

Kámẹ́rà fóònù ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ kí ẹ tó rí i, torí náà ojú tó ń yẹ̀ wò kì í ṣe ojú yín gan-an. Ẹ sì wo ẹni tí ẹ ń fi fọ́tò ojú yín ránṣẹ́ sí.

Hìjáàbù ni mò ń lò. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín ju ẹni tó ń wé gèlè lọ, torí ó yí ojú yín ká. Bí ẹ bá máa ná owó lé àwọ̀ kan, hìjáàbù ni kí ẹ ná an lé. Fìlà ni ti àwọn ọkùnrin.

Aṣọ ẹbí tí wọ́n yàn kò bá mi mu.

Ẹ san owó yín, ẹ má bá ìyàwó jà. Ẹ ní kí télọ̀ gé ọrùn ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fi iyùn tàbí ìborùn àwọ̀ tiyín sáàárín aṣọ àti ojú. Bí ẹ bá sì ń wá gèlè tó bá lésì mu, ẹ gbé méjèèjì jáde síta. Aró tí wọ́n fi rẹ wọ́n yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù kò sì rí bíi ti oòrùn. Aṣọ méjì tó ń ṣe ìbejì lábẹ́ gílóòbù lè kọ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Ẹni tó yẹ̀ mí wò ní tí mo bá “tan” ara díẹ̀, àwọ̀ tó pọ̀ sí i á gbà mí.

Ẹ dìde kúrò lórí àga ẹ̀. Ìpara tó ní màkúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bóra, tí èèyàn bá lò ó pẹ́, lè mú kí ojú dúdú bí aró ní abala abala, dúdú tí kì í tètè lọ. NAFDAC ti fòfin de màkúrì nínú ìpara, kò sì gba kí hydroquinone ju ìdá 2 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pò nínú ike láìlórúkọ, ta ló wọ̀n ọ́n? Aṣọ la ń pààrọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní kí ẹ pààrọ̀ awọ, ọjà mìíràn ló ń tà.

Ṣé kí n kó àwọn aṣọ tí kò bá mi mu dànù?

Ẹ fi wọ́n rán ìró tàbí ṣòkòtò. Láti ìbàdí dé ojú jìn. Sányán mi ti wà lọ́dọ̀ télọ̀.