Bí ẹranko igbó tó farapa ṣe ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹranko igbó nílẹ̀, kó kọ́kọ́ dúró lókèèrè wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹranko tí wọ́n ń gbé lọ sí ibùdó ìtọ́jú ni ìyá wọn ṣì wà láàyè. Àgbọ̀nrín a máa fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú koríko, á lọ jẹun, á sì padà wá fún un lọ́mú. Ọmọ ẹyẹ tó ti hu ìyẹ́, tó ń ta pọ́ún pọ́ún nílẹ̀, fífò ló ń kọ́, àwọn òbí rẹ̀ kò sì jìnnà. Èyí tí kò tíì hùyẹ́ ni kí wọ́n dá padà sínú ìtẹ́. Irọ́ ni pé ẹyẹ á kọ ọmọ rẹ̀ nítorí òórùn ọwọ́ èèyàn.

Ẹ̀jẹ̀, apá ẹyẹ tó rọ wálẹ̀, eṣinṣin tó ń bà lé egbò, tàbí òkú ìyá nítòsí, àmì ewu ni gbogbo wọn. Èyí tí ológbò gé jẹ kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la: egbò náà lè má tó nǹkan lójú, àmọ́ kòkòrò àrùn ẹnu ológbò lè pa ẹyẹ kékeré láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ìgbà yìí ló kan fóònù. Ẹgbẹ́ tó ń dóòlà ẹranko, dókítà ẹranko tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko igbó ni kí wọ́n pè. Wọ́n á béèrè irú ẹranko tó jẹ́, ohun tó ṣe é àti ibi tó wà gan-an. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó níwèé àṣẹ nìkan ni òfin gbà láyè láti tọ́ ẹranko igbó nílé.

Kí olùrànlọ́wọ́ tó dé, páálí tó ní ihò, aṣọ rírọ̀, òkùnkùn, ooru díẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ ti tó. Apanijẹ ni ẹranko igbó ka èèyàn sí. Ẹni tó ń fọwọ́ pa á lára láti tù ú nínú ń dá kún ìpayà rẹ̀ ni, ìpayà yìí sì lè ba iṣan ara, ọkàn àti kíndìnrín jẹ́, débi pé ẹranko náà á kú lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Oúnjẹ ńkọ́? Rárá o. Ara tó ti tutù kò lè da oúnjẹ, omi tí wọ́n bá rọ sí i lẹ́nu lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, wàrà màlúù kò sì bá ẹyẹ lára mu.

Ti àdán yàtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, torí ó lè ní àrùn dìgbòlugi tàbí irú àrùn tó jọ ọ́. Ẹni tí àdán bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní Ọsirélíà, wọ́n máa ń yẹ àpò ikùn kangarú tí mọ́tò pa wò, torí ọmọ lè ṣì wà láàyè níbẹ̀. Wọn kì í fà á tu kúrò lẹ́nu ọmú, torí ẹnu rẹ̀ lè ya.

Ní ibùdó ìtọ́jú, dókítà á mú ara ẹranko tó farapa móoru, á fún un lóògùn ìrora, á sì yẹ eegun rẹ̀ wò. Àwọn kan wà tí ìpalára wọn pọ̀ jù. Ikú ìrọ̀rùn ni àánú tó kù fún wọn. Àwọn ọmọ aláìníyàá ni wọ́n ń tọ́ pọ̀ pẹ̀lú irú wọn, kí wọ́n má bàa sọ èèyàn di ìyá. Èyí tó bá yá, ìtòsí ibi tí wọ́n ti rí i ni wọ́n máa ń tú u sílẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ló ti mọ ibi oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́.