Omi Ìlúwẹ̀ẹ́ Tó Ń Ta Ọmọ Lójú

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, kilorínì inú omi yìí ti pọ̀ jù.” Bí ìyá ilé kan n'Íbàdàn ṣe pàdé mi lẹ́nu géètì nìyẹn. Ojú àwọn ọmọ rẹ̀ pọ́n, òórùn sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ní kí ẹni tó ń bá wọn tọ́jú omi dín kilorínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, kù.

Mo bu omi sínú ìgò ìdánwò. Hóró oògùn ìdánwò àkọ́kọ́ ló ń fi kilorínì tó ṣì lágbára hàn: àwọ̀ omi ò yí padà rárá. Mo ju hóró kejì sí i, èyí tó ń fi kilorínì tí ìdọ̀tí ti gbá mú hàn. Ló bá pọ́n bíi sóbò tí wọ́n bomi là. Òógùn ara àti ìtọ̀ ló dà pọ̀ mọ́ ọn. Àdàpọ̀ yẹn ló ń rùn, òun náà ló ń ta ojú. Kilorínì ò pọ̀ jù, kò tó ni.

Mo wo pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi náà kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó fẹ́ dà bí omi eérú. 8.2! Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ilé ti ń fowó ṣòfò. Ní 7.5, bí ìdajì kilorínì ló ń ráyè pa kòkòrò. Tó bá fi máa di 8, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́. Ẹ fi pH sáàárín 7.2 sí 7.8. Kilorínì oníyẹ̀fun fúnra rẹ̀ a máa gbé pH sókè, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Ásíìdì la fi ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ásíìdì lẹ ó rọra dà sómi o, ẹ má da omi lé e lórí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí òun àti kilorínì pàdé láéláé, ẹ má tiẹ̀ fi ife kan náà bu wọ́n: èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń pààyàn.

Lẹ́yìn tí mo da ásíìdì sí i, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ yí omi náà fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí oòrùn wọ̀, torí oòrùn máa ń jẹ kilorínì, mo da kilorínì tó pọ̀ sí i, ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ìdọ̀tí gbá mú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, hóró àkọ́kọ́ pọ́n, ìkejì ò fi nǹkan kan kún un. Kilorínì ti bọ́ sí mílígíráàmù 3 nínú lítà omi kan, pH wà ní 7.4. Mo ní káwọn ọmọ máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tọ̀, kí wọ́n sì fọṣẹ wẹ̀ kí wọ́n tó wọ omi.