Láísẹ́ńsì àti hackney: owó ni àbí ìyọ̀ǹda?

Nínú pátíkúlà tí àwọn dẹrẹ́bà akérò ń kó kiri láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta, ìwé kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní hackney, ìyẹn ìwé tó fún ọkọ̀ láṣẹ láti gbé èrò lówó. Ọ̀rọ̀ náà dàgbà ju mọ́tò lọ. Ẹṣin tí wọ́n ń fi háyà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látijọ́. Nígbà tó yá, orúkọ náà bọ́ sára kẹ̀kẹ́ ẹṣin akérò, kó tó wá bọ́ sára takisí. Ó bá òfin ìrìnnà àwọn òyìnbó amúnisìn wọ Nàìjíríà, kò sì padà lọ mọ́.

Kí hackney tó lè yé wa, ó yẹ kí láísẹ́ńsì fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ yé wa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Láísẹ́ńsì kì í ṣe owó orí. Ẹni tó bá ń gbélùú tó sì ń rí nǹkan ṣe ló ń san owó orí. Bí kò bá tíì san án, gbèsè ló jẹ. Láísẹ́ńsì kì í sì í ṣe owó ibodè tí àwọn oníbodè Ẹ̀gbá ń gbà látijọ́ lórí ẹrù tó bá ń wọ̀lú tàbí tó ń jáde. Ní ti láísẹ́ńsì, òfin á kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ náà di èèwọ̀ fún gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn náà ni yóò wá tú èèwọ̀ ọ̀hún fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá san ìtanràn ní kóòtù lónìí kò fi lè padà sẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́la. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ àná ló san. Kò tíì gba ìyọ̀ǹda.

Abẹ́òkúta pẹ́ kí irú òfin báyìí tó kà á mọ́ra. Láti 1898 ni Ẹ̀gbá ti ní ìjọba tirẹ̀, tó ń ṣòfin tó sì ń gbowó fúnra rẹ̀. Oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1914 ni Gẹ̀ẹ́sì fagi lé òmìnira náà, tí òfin gbogbo Nàìjíríà sì wá ń mú Ẹ̀gbá náà. Nígbà tí owó orí dé lọ́dún 1918, ogun Adúbí, ìjà tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba jà nítorí owó orí náà, ló tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1947, àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún tú síta nítorí owó orí kan náà. Lójú tèmi, ohun tí kò jẹ́ kí láísẹ́ńsì dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni pé kálukú ló ń dá lọ gba tirẹ̀. Owó orí kan gbogbo agboolé lọ́jọ́ kan náà. Láísẹ́ńsì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo bí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1871 ṣe mú ẹni tó ń fẹsẹ̀ kiri ọjà. Ọlọ́pàá ló ń fún un níwèé. Ó gbọ́dọ̀ ti ju ọmọ ọdún 17 lọ, kó ti gbé àdúgbò náà fún oṣù kan, kó sì jẹ́ ọmọlúwàbí. Ọdún kan péré ni ìwé náà ń lò. Ẹni tó ń fi ẹṣin tàbí ẹran mìíràn kẹ́rù kiri ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà náà, ti 1888. Ìfura ló wà nídìí rẹ̀: ẹni tó ń kiri, òfin ò mọ ibi tí yóò ti rí i mú. Ojú yìí náà ni wọ́n fi wo ọmọ tó gbégbá ọjà rù nílùú wa, bẹ́ẹ̀ ìkiri ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń kọ́ ọmọbìnrin wọn lówò. Ní Èkó lọ́dún 1946, ìlànà jáde pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ tajà ní títì.

Ní ti ọkọ̀, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1847 ló la ọ̀nà. Ọkọ̀ tó bá dúró ní títì tàbí tó ń rìn kiri láti wá èrò tí yóò sanwó, hackney ni. Wíwá èrò ni òfin dì mú. Bí ẹ bá gbé àna yín dé Ìtòkú lọ́fẹ̀ẹ́, kò kàn án. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọdọ̀ ní nọ́ńbà, kí iye èrò tó lè gbé sì hàn lára rẹ̀. Dẹrẹ́bà tó bá wà ní ibùdókọ̀ kò gbọdọ̀ kọ èrò láìnídìí. Bí èrò bá sì gbà láti san ju iye tí wọ́n fi lélẹ̀ lọ, àdéhùn náà kò múlẹ̀. Ara irú òfin yìí ni iye èrò tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ sára pákó bọ́lẹ̀kájà ti wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ jù ni pé láísẹ́ńsì ọkọ̀ akérò kì í ṣe ẹyọ kan. Ti ọkọ̀ wà, ti dẹrẹ́bà wà, ìwé pé ọkọ̀ yá fún títì wà, ìwé adójútòfò wà, kí a tó wá kan hackney, tó ń sọ pé ọkọ̀ yìí lè gbé èrò lówó. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ aláwo nọ́ńbà búlúù ṣe kábúkábú lè ní gbogbo ìwé yòókù kó pé, síbẹ̀ ó ti rú òfin, torí awo oníkọ̀wé pupa ni ti akérò. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè sọ pé ọkọ̀ ara ẹni làwọn bá a ṣe àdéhùn, àwọn kò bá a ṣe ti akérò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kì í bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tuntun lásán: ẹ ra ọkọ̀, ẹ yí orúkọ padà.

Òfin àtijọ́ yìí ṣì ń mí. Àfikún kẹrin nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fi láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi kékeré, wìlíbárò àti ọmọlanke sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fi àkóso ọjà àti gárèèjì síbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí wọ́n bá dá ọlọ́mọlanke dúró ní Ìtòkú pé kó sanwó láísẹ́ńsì, kó gba ìwé náà kó kà á. Kó wá orúkọ kánsù, orúkọ tirẹ̀, nọ́ńbà, irú ohun tí wọ́n fún láṣẹ, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí. Bí ó bá jẹ́ pé iye owó àti déètì òní nìkan ló wà níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ ló rà, wọ́n á sì tún bèèrè òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.