Window period: ìgbà tí àrùn ti wọ ara, tí àyẹ̀wò kò sì tíì rí i

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń fẹ́ra wọn. Wọ́n jọ lọ ṣe àyẹ̀wò, èsì jáde pé kò sí HIV lára ẹnì kankan nínú wọn, wọ́n sì pa kọ́ńdọ̀mù tì lọ́jọ́ náà gan-an. Àyẹ̀wò tí wọ́n lọ ṣe yẹn dára púpọ̀, ó wù mí kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe é. Kọ́ńdọ̀mù tí wọ́n pa tì ló ń kọ mí lóminú, nítorí èsì tí wọ́n gbà lónìí kì í sọ ti òní. Ohun tó ti wà lára wọn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ló ń sọ.

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tí kòkòrò HIV ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, kì í tíì pọ̀ tó ohun tí àyẹ̀wò lè rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Antibody ni wọ́n ń wá, ìyẹn ohun ìjà tí ara ń ṣe láti fi bá kòkòrò jà, ara kì í sì í ṣe é tán lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ tí kòkòrò wọlé títí di ọjọ́ tí àyẹ̀wò á lè rí i ni àwọn oníṣègùn ń pè ní window period. Bí oyún ọjọ́ mẹ́ta ló rí: ó ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó lè mọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan yẹn, nínú àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà gan-an ni HIV máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì máa ń tètè ràn. Ẹni tí ìwé èsì rẹ̀ mọ́ tónítóní lè máa kó o ran olólùfẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Àyẹ̀wò kò rí bákan náà o, ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n ṣe fún yín. Èyí tó ń wá antibody nìkan, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ èyí tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ ṣe nílé, lè gbà tó ọjọ́ 23 sí 90 kó tó rí HIV. Èyí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti inú iṣan, tó ń wá antibody pẹ̀lú apá kan lára kòkòrò náà, máa ń gbà tó ọjọ́ 18 sí 45. Èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ló yá jù: ọjọ́ 10 sí 33.

Àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù ní ọjọ́ tiwọn. Àtọ̀sí àti chlamydia máa ń hàn nínú àyẹ̀wò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì; ti syphilis lè tó oṣù mẹ́ta. Ẹ má sì gbàgbé pé àyẹ̀wò HIV kì í wá ìkankan nínú wọn. Chlamydia kì í sábà fi àmì hàn, bẹ́ẹ̀ ó lè ba ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà kọjá jẹ́. Bó bá sì jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ni àtọ̀sí gbà wọlé, àyẹ̀wò ìtọ̀ kò ní rí i. Torí náà, bí nọ́ọ̀sì bá béèrè irú ìbálòpọ̀ tí ẹ ṣe, ẹ dá a lóhùn láìtijú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ìgbà tí ẹ ní ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù kẹ́yìn, pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́. Ẹ ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù lọ, kí ẹ̀yin méjèèjì sì tún un ṣe nígbà tí ọjọ́ 90 bá pé.

Ṣùgbọ́n bí kọ́ńdọ̀mù bá bẹ́ lálẹ́ àná, tí ẹ ò sì mọ̀ bóyá ẹnì kejì ní HIV, ti àyẹ̀wò kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ká yín lára. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, tó lè dá HIV dúró kó tó fìdí múlẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, kí ẹ sì lò ó fún ọjọ́ 28 gbáko. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó, nítorí náà bó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé, ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù.