Bí ará Bangladesh lókè òkun ṣe ń mú ìjọba gbọ́ tiwọn

Ọ́fíìsì ìjọba kì í gbọ́ igbe ẹnì kan. Ọ̀kan ń gbọ́ fọ́ọ̀mù, òmíràn ń gbọ́ orúkọ tó pọ̀ lórí ìwé, òmíràn kò sì ní yíjú síni àfi tí ìbò bá wà lọ́wọ́ ẹni. Àlejò tó dé ìlú onílùú ló ń tètè mọ èyí, nítorí kò ní ìbátan ní káńsù tó lè bá a rìn ín lábẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ará Bangladesh lókè òkun ti ń ṣe láti ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ ni láti gba ẹ̀dùn ọkàn lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí ọ́fíìsì tọ́rọ̀ náà kàn máa fi gbọ́. Ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní Brick Lane àti àdúgbò Spitalfields tó yí i ká, ni èyí ti hàn kedere jù.

Agbègbè Sylhet, ní àríwá-ìlà-oòrùn Bangladesh, ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti wá. Atukọ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ dé: wọ́n ń ko èédú sínú iná ọkọ̀ ojú omi òyìnbó, àwọn kan bọ́ sílẹ̀ ní èbúté Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò padà sínú ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọkùnrin mìíràn wá ṣiṣẹ́ ìránṣọ àti iṣẹ́ ilé oúnjẹ. Ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń dá kò ní ṣàjèjì sí Yorùbá kankan: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni. Ará Beanibazar ń wá ará Beanibazar, ará Jagannathpur ń wá ará Jagannathpur, wọ́n ń dáwó láti gbé òkú lọ sílé. Ní 1952, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tó kó gbogbo wọn pọ̀ sílẹ̀, Pakistan Welfare Association, nítorí ilẹ̀ wọn ṣì jẹ́ ara Pakistan. Lẹ́yìn ogun òmìnira 1971 ló di Bangladesh Welfare Association, ilé rẹ̀ sì wà ní Fournier Street títí dòní.

Lẹ́tà kíkà ni iṣẹ́ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe jù. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jókòó sídìí tábìlì, àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àpòòwé: ti ìwé ìgbélùú, ti owó orí, ti onílé. Iṣẹ́ kékeré ló jọ, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo ètò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mú lẹ́tà wá rò pé òun nìkan ni nǹkan dé bá, pé bóyá orí òun ni kò dáa. Ẹni tó ń bá a kà á mọ̀ pé irú rẹ̀ kẹwàá rèé lọ́sẹ̀ náà. Níjọ́ tó bá ní kí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá pàdé ara wọn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àánú, ó ti di ẹ̀sùn.

Ọ̀rọ̀ ilé ló kọ́kọ́ dán èyí wò. Ní àwọn ọdún 1970, ìyàwó àti ọmọ ń dé láti Sylhet, yàrá tí àwọn ọkùnrin ń há mọ́ra sùn kò sì lè gba ẹbí. Ilé káńsù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ ládùúgbò ló ń wà níwájú lórí ìtò. Àwọn kan tó rílé gbà lọ́nà jíjìn sí Brick Lane rí ohun tójú ò rí rí: òkúta ń fọ́ fèrèsé wọn lóru, wọ́n ń da ìdọ̀tí gba ihò lẹ́tà wọlé, ìyá kò sì lè rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Tí ẹbí bá sá padà wá sí Spitalfields, káńsù á ní àwọn fúnra wọn ló fi ilé tí òun fún wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé òfìfo kún àdúgbò náà, tí wọ́n ti dí ẹnu ọ̀nà wọn pa, tó ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò wó o.

Ní 1976, wọ́n dá Bengali Housing Action Group sílẹ̀. Ìkékúrú orúkọ náà, BHAG, dún jọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹkùn lédè wọn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé òfìfo, wọ́n tún omi àti iná ṣe, wọ́n kó ẹbí wọlé. Pelham Buildings, ilé ńlá tí ẹnikẹ́ni ò kà sí mọ́, kún fún ọmọdé. Kò sẹ́ni tó fún wọn láṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹbí tó fọ́n ká sí yàrá àyágbé kò ṣeé kà, ẹbí tó wà lábẹ́ òrùlé kan ṣeé kà. Nígbà tí Greater London Council, ìjọba tó ń ṣàkóso Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kéde ní 1977 pé ẹni tó ń gbé ilé òun láìgbàṣẹ lè forúkọ sílẹ̀ kó sì rí ilé gidi gbà, àwọn ẹbí yìí ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn. Ẹgbẹ́ náà tún to orúkọ àwọn ibi tí wọ́n lè gbé láìséwu kalẹ̀ fún ìjọba ìlú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: àwọn tí ìjọba ń tì síbi tó wù ú ló wá ń sọ ibi tí àwọn fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ 4 May 1978, tó jẹ́ ọjọ́ ìdìbò káńsù, ọ̀dọ́kùnrin aránṣọ kan, Altab Ali, ń tibi iṣẹ́ bọ̀ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta pa á ní Adler Street nítorí ìkórìíra ẹ̀yà. Bí ikú náà bá dúró lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹjọ́ ìpànìyàn kan láàárín ọ̀pọ̀ ni ì bá jẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, bí èèyàn 7,000 tẹ̀lé pósí rẹ̀ nínú òjò, láti Brick Lane dé Hyde Park, wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀sùn lọ sí Downing Street. Bí òkú náà bá gba ọ̀nà itẹ́ lọ tààrà, ará àdúgbò nìkan ni yóò sunkún. Bó ṣe gba àárín ìlú kọjá, ilé olórí ìjọba ló ní láti nawọ́ gba ìwé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ Bangladesh tún lọ gba orígun kan ní Brick Lane, tí National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú tó kórìíra àlejò, ti ń ta ìwé ìròyìn ìkórìíra wọn lọ́jọ́ Sunday. Láti alẹ́ Saturday ni wọ́n ti ń sùn síbẹ̀.

Ìbò ló kù. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé Ìlú Ọba lọ́nà tó bófin mu lè dìbò níbẹ̀ láìní páàsì Gẹ̀ẹ́sì, Bangladesh sì wọ Commonwealth ní 1972. (Ọmọ Nàìjíríà náà ní ẹ̀tọ́ yìí. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó lọ forúkọ sílẹ̀.) Àwọn ọ̀dọ́ tó ti sùn ní orígun Brick Lane bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń bá àgbà kọ fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọnú ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìpàdé wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ti ń yan olùdíje, lè má ju yàrá kan tí ogún èèyàn jókòó sí. Bí ọgbọ̀n èèyàn tuntun bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ló ń yàn. Ní 1982, àwọn ará Bangladesh kọ́kọ́ jókòó ní káńsù Tower Hamlets, ìjọba ìbílẹ̀ tí Brick Lane wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 2010, Rushanara Ali, tí wọ́n bí ní Sylhet, wọ ilé aṣòfin Westminster, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ láti ìdílé Bangladesh níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2021, ẹnì kan nínú mẹ́ta ní Tower Hamlets ló jẹ́ ti ìran wọn.

Okùn ìbátan tó ń kó èèyàn jọ kíákíá bẹ́ẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Bàbá àgbà kan lè ṣèlérí ìbò odidi ẹbí, kí obìnrin àti ọ̀dọ́ ilé náà má sì mọ̀ sí i. Ìyẹn ti sọ ètò náà di ti ẹni kan padà. Ilé ẹjọ́ sì yọ Lutfur Rahman nípò olórí ìlú Tower Hamlets ní 2015 nítorí màgòmágó ìbò, kí àwọn olùdìbò tó tún yàn án ní 2022.

Ní Amẹ́ríkà, iye èèyàn ni òfin ń gbọ́. Tí ó bá ju 10,000 ọmọ orílẹ̀-èdè tó ti tó ìbò dì ní kọ́ńtì kan, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ìjọba gbọ́dọ̀ tẹ ìwé ìbò lédè wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ Queens, ní New York, fi ń lọ láti ilé dé ilé bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí ìjọba kà wọ́n, kí wọ́n sì sọ èdè tí wọ́n ń sọ. Ní 2013, ìwé ìbò èdè Bengali dé ibẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ti Vancouver, ní Kánádà wá. Ní January 1998, Rafiqul Islam kọ lẹ́tà sí Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún èdè abínibí gbogbo ayé. Ó dá 21 February lábàá, nítorí ọjọ́ yẹn ní 1952 ni ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn tó ń jà fún èdè Bengali ní Dhaka. Wọ́n dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ti ọwọ́ ẹnì kan wá. Òun àti Abdus Salam kó elédè méje jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n tún kọ̀wé. UNESCO, ẹ̀ka àjọ náà tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ní ó dáa, àmọ́ orílẹ̀-èdè ló lè mú un wá síwájú ìpàdé. Wọ́n bá kọ̀wé sílé, ìjọba Bangladesh sì gbé e kalẹ̀. Ní 17 November 1999, ìpàdé gbogboogbò UNESCO fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Èdè Abínibí tí àwọn olùkọ́ Yorùbá náà ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn.

Ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti pa aránṣọ yẹn ti ń jẹ́ Altab Ali Park láti 1998, wọ́n sì gbé ère ìrántí àwọn tó kú ní Dhaka síbẹ̀ ní 1999. Ní òru mọ́jú 21 February, nínú òtútù, àwọn ẹgbẹ́ ń tò síbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó. Wọ́n ń pè wọ́n lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, káńsù.