Ṣé ọkọ ni, àbí apànìyàn?

Obìnrin kan mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwọn ọ̀tá kó òun lẹ́rú. Ọba wọn rí i, ẹwà rẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú, ó bá sọ ọ́ di olorì. Obìnrin náà ń se oúnjẹ fún ọba yìí, ó ń bá a ṣeré, ó ń sùn tì í, bẹ́ẹ̀ àṣírí kan ṣoṣo ló ń wá lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ, ó sá padà sílé ọkọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò jẹ́ kí ìtàn yìí dé gbólóhùn kẹta kó tó dárúkọ Mọremí. Ère rẹ̀ tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì ṣí ní 2016 ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, ọ̀kan nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ń jẹ́ Mọremí. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni nófẹ́ẹ̀lì tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya máa ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, tí ẹni tó ní ìdánwò láàárọ̀ ń fi iná fóònù kà á di aago mẹ́ta òru. Ìtàn inú rẹ̀ kò jìnnà sí ti Mọremí: ìfẹ́ wà ńbẹ̀, ikú wà ńbẹ̀, inú ilé kan náà làwọn méjèèjì ń gbé.

Romantic suspense làwọn òǹtẹ̀wé ń pè é. Ìwé ìfẹ́ lásán máa ń béèrè pé, ṣé wọn yóò fẹ́ra? Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa ń béèrè pé, ta ló ṣe é? Èyí ń béèrè méjèèjì, ó sì so wọ́n pọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn ọ̀kan láìdáhùn èkejì. Òǹkọ̀wé tó bá fi orí kan ṣe ìfẹnukonu, tó fi orí kejì yìnbọn, ẹ̀bà ló gbé sí yàrá yẹn, tó gbé ọbẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ká ní Àdùkẹ́ dé láti Èkó sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlódè. Bàbá kú lójijì, ìwé ilẹ̀ sì dàwátì. Ayálégbé kan wà ní yàrá iwájú, ọ̀dọ́mọkùnrin awọnlẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ń fi mọ́tò gbé e lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, tó ń ra àkàrà bọ̀ fún un láàárọ̀. Títí dé ibí, ìtàn ìfẹ́ ni, kò tilẹ̀ tíì dùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àdùkẹ́ nawọ́ wá ṣájà nínú mọ́tò náà, awò tí bàbá rẹ̀ fi ń kàwé ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ìbọn kò dún, ẹnikẹ́ni kò pariwo, ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú yẹn, gbogbo oore ọkùnrin yìí ti ní ojú méjì. Ó ní, "Má dá rìn lálẹ́ o." Ṣé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, àbí ìhàlẹ̀ ni? Àkàrà àná ńkọ́, báwo ló ṣe mọ aago tí Àdùkẹ́ ń jí? Òǹkàwé a ṣí ìwé padà sẹ́yìn lọ wo ohun tó ti kà, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò yí padà rárá, ojú tó fi ń wò ó ló yí. Ìfura yẹn ni ẹ́ńjìnnì irú ìwé yìí.

Kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí ìdílé kan tó fọmọ fọ́kọ, alárinà a ti rìn, àwọn àgbà a sì ti ṣèwádìí: ṣé kò sí wèrè nílé yẹn, ṣé wọn kì í jalè, gbèsè ńkọ́, àrùn ńkọ́? Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti wà nínú ìgbéyàwó wa tipẹ́. Nófẹ́ẹ̀lì wá gba ìwádìí náà lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó gbé e lé ọmọbìnrin náà nìkan lọ́wọ́, lóru, lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ ti fà sí ẹni tó yẹ kó wádìí. Àǹtí kò sí nítòsí, fóònù ti kú. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn obìnrin fi pọ̀ nínú àwọn tó ń kà á. "Ta ni mò ń sùn tì yìí gan-an?" kì í ṣe ìbéèrè eré lójú ẹni tó ń múra àtilọ sílé ọkọ.

Ara náà ń lọ́wọ́ sí i. Ìbẹ̀rù a máa mú àyà já, a mú àtẹ́lẹwọ́ làágùn, a mú ọ̀fun gbẹ, ìfẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sì ń ṣe bákan náà. Ní 1974, Donald Dutton àti Arthur Aron tẹ ìwádìí kan jáde láti Kánádà. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́bìnrin kan dá àwọn ọkùnrin dúró lórí afárá Capilano, afárá tí wọ́n fi wáyà so kọ́, tó ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 230 sókè odò. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà fóònù. Nínú 18 tó gba nọ́ńbà, 9 ló pè é. Lórí afárá kejì tó rọlẹ̀, tó dúró gbọin, 16 ló gbà á, 2 péré ló pè. Àlàyé wọn ni pé àyà tó ń já nítorí afárá làwọn ọkùnrin yẹn kà sí ìfẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè ní ọkùnrin tó láyà àtigun irú afárá bẹ́ẹ̀, ó láyà àtipe obìnrin náà ni, àríyànjiyàn ọ̀hún kò sì burú. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé mọ ohun tó ń ṣe: bí àyà òǹkàwé bá ti ń já tẹ́lẹ̀, tí ọkùnrin yẹn wá di ọwọ́ Àdùkẹ́ mú nínú òkùnkùn, ilẹ̀ tí wọ́n ti ro sílẹ̀ ló bọ́ sí.

Ewu tún ń gé ọ̀nà kúrú. Ohun tí ìfẹ́sọ́nà ọdún méjì lè má fi hàn, òru kan tí wọ́n jọ sá pamọ́ á fi hàn: ta ló kọ́kọ́ sá, ta ló padà wá.

Ọ̀rọ̀ ohun tó yẹ ní fífi pamọ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ṣubú. Nínú The Mysteries of Udolpho, tí Ann Radcliffe tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1794, ọmọbìnrin inú ìtàn ṣí aṣọ dúdú kan lára ògiri, ó rí nǹkan kan, ó dákú. Wọn kò sọ ohun tó rí. Ó kù díẹ̀ kí ìwé gbọọrọ náà parí kí òǹkàwé tó gbọ́ pé ère òkú tí wọ́n fi ìda mọ ni. Ìrẹ́jẹ díẹ̀ wà ńbẹ̀: ọmọbìnrin yẹn ti rí i, àwa nìkan ni wọ́n di lójú. Ti Àdùkẹ́ sàn jù, nítorí gbogbo ohun tó rí la rí. Kò sẹ́ni tó fi awò yẹn pamọ́ fún wa, ìtumọ̀ rẹ̀ la ò mọ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé òǹkàwé mọ òpin ìwé kó tó ṣí i. Àdùkẹ́ kò ní kú. Awọnlẹ̀ kọ́ ló pa bàbá. Ẹlòmíì tó ń bẹ̀ wọ́n wò látọjọ́ yìí, tó máa ń mú ọtí wá, ni. Àdéhùn nìyẹn, bí òǹkọ̀wé bá sì yẹ̀ ẹ́, àwọn òǹkàwé á bínú. Ẹni tó ń jẹ ata rodo mọ̀ pé iná kò ní jó òun lẹ́nu ní tòótọ́, kò ní kó má làágùn.

Ibi àdéhùn yìí ni ìtàn Mọremí ti yà kúrò. Ó gbọ́ àṣírí pé àwọn ọ̀tá tí Ifẹ̀ rò pé iwin ni, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, ìko ni wọ́n ń wọ̀ wá ja Ifẹ̀ lólè. Ó délé, àwọn ará Ifẹ̀ fi ògùṣọ̀ dáná sun ìko náà, ọkọ rẹ̀ sì gbà á padà. Òǹtẹ̀wé ìfẹ́ ì bá ní kí wọ́n parí rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn kó tó lọ, odò kò sì gba màlúù, kò gba àgùntàn. Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni odò ní kó mú wá. Ó mú un wá. Àwọn ará Ifẹ̀ ní kó má sunkún mọ́, àwọn ni yóò máa jẹ́ ọmọ rẹ̀ títí láé.