Ihò ara ẹ̀wà: ibi tí kòkòrò gbà jáde ni

Lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, bí oníbàárà bá rí ẹ̀wà tó ti lu, á ní kòkòrò ti gbẹ́ ihò wọ inú rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀wà náà ló bí i, torí inú ike tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti bá a. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ihò yẹn bá fi hàn, kòkòrò ti jẹun yó, ó ti jáde. Ara èèpo ẹ̀wà ni abo ń yé ẹyin sí, láti oko pàápàá, lára èyí tó gbó tí wọn ò tíì ká. Ẹ bu ẹ̀wà olóyin sí àtẹ́lẹwọ́ nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí àmì funfun tíntín, bí ògì tó ta sí i tó sì gbẹ. Ẹ fi èékánná họ ọ́, kò ní tètè kúrò. Ẹyin nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìdin ti ń lu èèpo wọlé, ojú lásán ò sì lè rí ibi tó gbà. Inú ibẹ̀ ló ń jẹ, tó ń dàgbà, títí èèpo á fi ku fẹ́lẹ́ níbì kan. Ẹ̀wà tó bá ní ojú róbótó tó ṣókùnkùn báyìí, onílé ṣì wà nílé.

Nínú ooru tiwa, bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni láti ẹyin dé kòkòrò. Èyí tó jáde kì í jẹ ẹ̀wà mọ́, ẹyin yíyé ló kù. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ẹ̀wà nínú atẹ́gùn, tó sá a sóòrùn díẹ̀, àwọn àgbà ló lé lọ. Àwọn ọmọ wà nínú ilé.

Ẹ má sì di ẹ̀bi èlùbọ́ tó lu ru kòkòrò ẹ̀wà. Ẹ̀wà àti irú wọn nìkan ló ń bá jà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn ṣóńṣó, ti àgbàdo nìyẹn. Ti ẹ̀wà kò ní ẹnu ṣóńṣó, ìyẹ́ rẹ̀ kò sì bo ìdí tán.

Ẹ má fi ọta-píà-píà sí oúnjẹ rárá. Tí iná bá dúró dáadáa, ẹ gbé ẹ̀wà sí fírísà fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń ra odidi àpò, kó wá àpò PICS: ọ̀rá 2 nínú, àpò híhun lóde. Ẹ di ẹnu wọn pinpin lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò á mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, á kú. Ẹ má kàn máa ṣí i wò lójoojúmọ́ o.